Bọ́ọ̀lù Àárín

Bọ́ọ̀lù náà ò le rárá. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé agbára ni wọ́n fi mú wa. Ó fò kọjá níbi tí àwọ̀n ti rẹlẹ̀ jù, ní àárín gbùngbùn, ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́ bí àlejò tó ń wá ẹni tí yóò júwe ilé fún un. Èmi wà lápá ọ̀tún, Lẹ́fìtì wà lápá òsì. Mo wò ó. Òun náà wò mí. Bọ́ọ̀lù gba àárín wa kọjá, ó balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó balẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó yí lọ fara ti ògiri. Ọ́ńpáyà kéde pé àwọn tó kọjú sí wa ti gba sẹ́ẹ̀tì kìíní, 6-3. Ọmọ tó ń ṣa bọ́ọ̀lù fọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò bínú sí i. Iṣẹ́ tí èmi náà fi wọ ìdí tẹ́níìsì nìyẹn, mo sì ti fi àwọn àgbà ṣe ẹ̀rín rín nígbà tèmi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìlarè ní Ilé-Ifẹ̀ ni mo dàgbà sí. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ kan wà nílùú tí àwọn olùkọ́ yunifásítì, dókítà àti òṣìṣẹ́ báńkì máa ń wá gbá tẹ́níìsì lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Àwa ọmọ keekèèké la máa ń ṣa bọ́ọ̀lù fún wọn. Ilẹ̀ pupa ni pápá náà, ilẹ̀ pupa tí gbogbo ẹni tó ti fọ aṣọ funfun n'Ífẹ̀ rí mọ̀ dáadáa. Bọ́ọ̀lù tó wọlé ní àwọ̀ ìyeyè yóò ti pọ́n bí osùn kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, irun ara rẹ̀ yóò sì máa re títí tí yóò fi pá bí orí bàbá àgbà. Èyí tó bá ti pá ni wọ́n máa ń ta wá lọ́rẹ. Òun la fi kọ́ eré, pẹ̀lú rákẹ́ẹ̀tì tí okùn rẹ̀ ti já tí a fi okùn ìpẹja dí i.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ Lẹ́fìtì. Ọwọ́ òsì ló ń lò, orúkọ tó sì mọ́ ọn lára nìyẹn. Ìyá rẹ̀ bá a jà títí kó fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe nǹkan. Nídìí oúnjẹ nìkan ló ti gbọ́ràn. Mọ̀dákẹ́kẹ́ ló ti ń wá. Ẹsẹ̀ la máa ń fi rìn láti ọ̀dọ̀ wọn dé ọ̀dọ̀ wa, kò jìnnà. Ní 1997, ìjà Ifẹ̀ àti Mọ̀dákẹ́kẹ́ tún bẹ́, kò sì rọlẹ̀ títí tó fi wọ 2000. Ọ̀nà tí kò jìnnà yẹn wá di ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ò tọ̀ mọ́. Wọ́n ti pápá pa. Koríko hù sí ojú ìlà.

Kóòṣì wa máa ń sọ pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìbọn yóò lé ènìyàn kúrò lórí pápá tẹ́níìsì nílẹ̀ yìí. Ní oṣù kejì ọdún 1976, lẹ́yìn tí wọ́n pa Murtala Muhammed, Arthur Ashe, ará Amẹ́ríkà tó gba ìdíje Wimbledon ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún tó ṣáájú, ń bá Jeff Borowiak figagbága nínú ìdíje àwọn ọ̀jẹ̀ ní Èkó, ni àwọn sójà bá já wọ pápá tìbọntìbọn, wọ́n sì dá eré dúró. Kóòṣì fẹ́ràn ìtàn yìí ju oúnjẹ lọ. Bó bá dé ibi tí sójà ti wọlé, yóò fi ìdí rákẹ́ẹ̀tì gún ẹnìkan nínú wa lẹ́yìn, gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ọdún 2000, ó ṣì ń sọ ìtàn náà. Ṣùgbọ́n kò fi rákẹ́ẹ̀tì gún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn mọ́.

Nígbà tí pápá tún ṣí, Lẹ́fìtì padà wá. Ó ti ga jù mí lọ. Ilé bàbá rẹ̀ ti jóná. Ilé àbúrò bàbá mi náà jóná lọ́dọ̀ tiwa. Mo gbọ́ ti tiẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn, òun náà gbọ́ tèmi lẹ́nu ẹlòmíràn. "Ṣé dáadáa lẹ wà?" "Dáadáa ni o." A mú rákẹ́ẹ̀tì.

Kóòṣì ló so wá pọ̀. Ojú oníṣòwò ló fi wò ó: ọlọ́wọ́ ọ̀tún kan, ọlọ́wọ́ òsì kan, ọjà tó ń tà nìyẹn. Bob àti Mike Bryan, ìbejì ará Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n rí, Bob ń lo òsì, Mike ń lo ọ̀tún, wọ́n sì jọ gba ife 16 nínú Grand Slam, àwọn ìdíje mẹ́rin tó ga jù nínú tẹ́níìsì, kí wọ́n tó fi eré sílẹ̀ ní 2020. Oòrùn ni ọ̀kan nínú àwọn àṣírí irú ìsopọ̀ yìí. Bí ọlọ́wọ́ ọ̀tún bá ju bọ́ọ̀lù sókè láti sáàfù, ìyẹn láti gbá bọ́ọ̀lù tó ń bẹ̀rẹ̀ póìǹtì, tí oòrùn sì ń gún un lójú, ọlọ́wọ́ òsì lè dúró ní ìdí kan náà kí oòrùn má tilẹ̀ kàn án, nítorí ìhà kejì ló ń ju tiẹ̀ sí. Ẹni tó bá ti gbá tẹ́níìsì n'Ífẹ̀ ní agogo mẹ́rin ọ̀sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ iye tí ìyẹn tó.

A fẹ́ máa gbá singles o, ẹnìkan sí ẹnìkan. Ta ló fẹ́ pín ògo? Kóòṣì wá ń fi Nduka Odizor, ọ̀jẹ̀ tẹ́níìsì ọmọ Nàìjíríà, ta wá jí. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ó lu Guillermo Vilas ará Ajẹntínà ní Wimbledon ní 1983 lẹ́yìn tí Vilas ti gba sẹ́ẹ̀tì méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ipò 52 lágbàáyé ló ga jù tó dé nínú singles. Nínú doubles, ìyẹn méjì sí méjì, ó dé ipò 20, ní 1984. Ìyẹn kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Títí dòní náà ni, tí doubles bá wà lórí tẹlifíṣọ̀n, ojúlé tó bá ti ń wò ó, dákun, fi hàn mí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí ẹ̀gún wà. Pápá ẹni kan fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 27. Tó bá di méjì sí méjì, wọ́n á ṣí etí pápá méjèèjì kún un, yóò di 36. Ẹni tí kò mọ eré yìí á ṣírò pé ẹsẹ̀ bàtà 18 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí kálukú máa ṣọ́ tiẹ̀. Ìṣirò oko nìyẹn. Èmi tí mo ń lo ọ̀tún wà lápá ọ̀tún, forehand mi, ìyẹn gbígbá láti ìhà ọwọ́ tó di rákẹ́ẹ̀tì mú, kọjú sí ìta. Lẹ́fìtì wà lápá òsì, forehand tiẹ̀ náà kọjú sí ìta. Etí pápá wa le bí àpáta. Ṣùgbọ́n àárín, backhand méjì, ìyẹn gbígbá láti ìhà kejì, ló dojú kọ ara wọn níbẹ̀, backhand sì ni ọwọ́ tí kálukú wa ò gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹran tí ènìyàn méjì jọ ń sìn, ebi ní í pa á.

Òfin pọ̀ lórí bọ́ọ̀lù àárín, kóòṣì sì kà gbogbo rẹ̀ sí wa létí. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù kẹ́yìn ni kó gbá èyí tó ń bọ̀. Ẹni tó bá sún mọ́ àwọ̀n jù ni kó mú un. Ẹni tí bọ́ọ̀lù ń ti ìkángun kejì bọ̀ wá bá ló ni ín. Ṣùgbọ́n òfin tó ju gbogbo wọn lọ, ẹnu ni: kí ẹnìkan pariwo. "Tèmi!" tàbí "Tìrẹ!" Àwa ò pariwo. Bí mo bá nawọ́ sí bọ́ọ̀lù tó sún mọ́ Lẹ́fìtì, ó máa ń ṣe mí bí ẹni tó ré kọjá ààlà ilẹ̀ onílẹ̀. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀, tẹ́níìsì ṣáà ni. Ó ń ṣe mí bẹ́ẹ̀ náà ni. Tí mo bá sì gbá a, n ó ní "Má bínú." Òun náà á ní "Má bínú." A jọ ń tọrọ àforíjì lórí pápá láti agogo mẹ́rin dé mẹ́fà.

Lọ́jọ́ kan kóòṣì pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ń bọ̀wọ̀ fún ara yín jù." A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A rò pé ó ń yìn wá ni.

Bá a ṣe dé Èkó kò gùn lọ títí. Ìdíje àwọn ọ̀jẹ̀ kan ń bọ̀, irú èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ àkàbà, tí àwọn ọ̀dọ́ láti gbogbo ayé ń lọ láti wá àmì ipò àkọ́kọ́ wọn. Tọkọtaya 16 ni wọ́n ń mú sínú doubles (ẹ má rẹ́rìn-ín, bí a ṣe máa ń pè é láàárín ara wa nìyẹn), wọ́n sì fún wa ní àyè kan gẹ́gẹ́ bí ọmọ onílé. A wọ ọkọ̀ ní Mayfair n'Ífẹ̀. Nígbà tá a dé Ìkirè, a ra dòdò, èyí dúdú tí wọ́n máa ń rọ̀ bí òkè, a jẹ ẹ́ tán, a sì gbàgbé fọ ọwọ́. Gbogbo ọ̀nà la fi ń di rákẹ́ẹ̀tì mú, a ń sọ bí a ó ṣe nà wọ́n. Lọ́jọ́ kejì, rákẹ́ẹ̀tì Lẹ́fìtì fò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbi ìmúrasílẹ̀, ó ré kọjá orí àwọ̀n. Òróró dòdò. Èmi ni mo fi etí agbádá ẹni ẹlẹ́ni tó gbàgbé aṣọ sí yàrá ìmúra nù ún. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Bọ́ọ̀lù tuntun ló kọ́kọ́ dá wa lóró. Ọ́ńpáyà fa ìdérí agolo, ó dún "fíìsì", òórùn rẹ̀ bí bàtà tuntun. Mo di ọ̀kan mú. Irun ara rẹ̀ nípọn bí ti ọmọ àgùntàn. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbá tẹ́níìsì, mi ò tíì fi bọ́ọ̀lù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí gbá eré rí. Ọwọ́ tí mo fi ń gbá èyí tó pá, tó ń balẹ̀ sí ibi tí mo bá rán an, òun náà ni mo fi gbá tuntun, ó sì ń fò jáde lẹ́yìn pápá bí ẹyẹ. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti mọ èyí, kí o ní bọ́ọ̀lù tuntun. Nísinsìnyí tí mo ń kọ́ ọmọ, mo máa ń tọ́jú agolo kan fún ọmọ tó bá fẹ́ lọ sí ìdíje, kó gbá a fún wákàtí kan kó tó wọ ọkọ̀.

Àwọn tí wọ́n pín wa pọ̀ mọ́, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan àti ọmọ Gúúsù Áfíríkà kan ni. Níbi tábìlì ìforúkọsílẹ̀ ni wọ́n ti pàdé. Ní irú ìdíje bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò bá ní ẹnìkejì á wá ẹnìkejì níbẹ̀, bí ẹni tó ń wá ẹni tí yóò bá òun pín owó táksí. Wọn ò mọ ara wọn rí ṣáájú ọjọ́ yẹn. Kò sí ìgbà kan tí wọn ò sọ̀rọ̀. Bí póìǹtì kan bá ti parí, wọ́n á sún mọ́ ara wọn, wọ́n á fi bọ́ọ̀lù bo ẹnu, wọ́n á sọ nǹkan kúkúrú, wọ́n á pàtẹ́wọ́ mọ́ra wọn. Ìgbà tí wọ́n jẹ, wọ́n sọ̀rọ̀; ìgbà tí wọ́n pàdánù, wọ́n tún sọ̀rọ̀. Èyí tó dúró létí àwọ̀n á gbé ọwọ́ sẹ́yìn, yóò fi àmì han ẹni tó fẹ́ sáàfù: bó bá di ìkúùkù, ó ń dúró síbi tó wà; bó bá la àtẹ́lẹwọ́, ó fẹ́ sá gba àárín kọjá lọ gba bọ́ọ̀lù níwájú wa. Àwa tá a ti jọ ṣa bọ́ọ̀lù láti kékeré, ojú la fi ń bára wa sọ̀rọ̀.

Kóòṣì jókòó sẹ́yìn wa, ó ń jẹ ẹ̀pà. Nígbà náà, òfin kò gbà kí kóòṣì sọ ohunkóhun fún eléré nígbà tí eré ń lọ. Ó kàn ń wò wá, ó ń bó ẹ̀pà, ó ń ju èèpo sílẹ̀.

Lẹ́yìn bọ́ọ̀lù tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, a jókòó sórí àga. Lẹ́fìtì ní ká pààrọ̀ àyè. Òfin gbà á: ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ẹ̀tì tuntun nìkan ni tọkọtaya lè yí ibi tí kálukú ti ń gba sáàfù padà. Ó bọ́ sápá ọ̀tún, mo bọ́ sápá òsì. Forehand àwa méjèèjì wá kọjú sí àárín. Mo rò pé a ti rí oògùn rẹ̀. Bọ́ọ̀lù àárín àkọ́kọ́ tó wá, èmi sá lọ, òun náà sá wá, rákẹ́ẹ̀tì kọlu rákẹ́ẹ̀tì, gbàù! Ìka ọwọ́ mi wà láàárín. Ẹ̀jẹ̀ jáde lábẹ́ èékánná.

Ohun tó ti ẹnu mi jáde, mi ò lè kọ ọ́ síbí. Mo bú u, mo bú ọwọ́ òsì rẹ̀, mo ní kí ló dé tí kò lè la ẹnu rẹ̀. Òun náà bú mi padà. Ó ní ta ló ti la ẹnu tiẹ̀ rí, pé láti ìgbà wo ni mo ti dákẹ́ sí i lára. Ọ́ńpáyà ń wò wá, kò gbọ́ Yorùbá, ó kàn mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Mo rí kóòṣì lókè. Ó ti dá ẹ̀pà dúró. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Láti ibẹ̀ lọ, ariwo la fi gbá sẹ́ẹ̀tì kejì. "Tèmi!" "Fi sílẹ̀!" "Ó ń jáde!" "Yí padà!" A ò tọrọ àforíjì kankan. A gbà á 7-5. Bí ó bá jẹ́ pé mo fẹ́ parọ́ ni, ibí ni ǹ bá ti sọ pé a borí.

Nínú ọ̀pọ̀ doubles àwọn ọ̀jẹ̀ lónìí, kò sí sẹ́ẹ̀tì kẹta gidi. Láti 2006 ni ATP, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀jẹ̀ tẹ́níìsì ọkùnrin, ti mú un wọlé pé bí ó bá di ọ̀kan sí ọ̀kan, tie-break ni, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé 10 tó sì fi méjì ju ẹnìkejì ló borí. Bí géèmù bá sì di 40-40, póìǹtì kan ṣoṣo ló kù, àwọn tó ń gba sáàfù ni yóò yan ẹni tí yóò gbà á nínú wọn. Àwọn àgbà ní ó ti ba adùn eré jẹ́. Wimbledon tí wọ́n ti ń gbá doubles ọkùnrin láti 1884 pàápàá ti dín tiẹ̀ kù láti sẹ́ẹ̀tì márùn-ún sí mẹ́ta ní 2023. Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Eré tó kúrú kì í jẹ́ kí o fi ọ̀rọ̀ pamọ́ dìgbà mìíràn.

Ó di 9-8, àwọn ló ń ṣíwájú. Bọ́ọ̀lù wá sí àárín. "Tèmi!" ni Lẹ́fìtì pariwo, gbogbo pápá gbọ́ ọ. Mo fi sílẹ̀ fún un. Ó gbá a tagbáratagbára, ó wọ inú àwọ̀n. Ó parí. Mo lọ fọwọ́ kọ́ ọ lọ́rùn. Owó tí wọ́n fún wa, nígbà tá a pín in sí méjì tá a yọ owó ilé tá a sùn kúrò, ó kù díẹ̀ kó tó owó ọkọ̀.

Nínú ọkọ̀ padà sílé, a dúró pẹ́ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Ilẹ̀ ti ṣú. Lẹ́fìtì kò wo mi, fèrèsé ló ń wò, ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ nípa òru tí ilé wọn jó. Ó ní ohun tí òun ń wá káàkiri nínú yàrá ni rákẹ́ẹ̀tì, ìyá òun sì ń fa òun láṣọ. Ó ní òun rí i mú. Mo sọ ti ilé àbúrò bàbá mi fún un. Mi ò sọ pé ta ló jẹ̀bi, òun náà ò sọ. A sọ̀rọ̀ títí dé Gbọ̀ngán. Kóòṣì wà lórí ìjókòó iwájú, ó ń hanrun, tàbí ó ń ṣe bí ẹni tó ń hanrun.

A ò di ìràwọ̀. Ìdíje mẹ́ta mìíràn la tún lọ, a borí lẹ́ẹ̀kan péré, a sì sọ ọ́ fún gbogbo Lágere. Èmi ń so okùn rákẹ́ẹ̀tì báyìí, mo sì ń kọ́ ọmọ. Lẹ́fìtì ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Nígbà tí Rohan Bopanna ará Íńdíà gba doubles Australian Open pẹ̀lú Matthew Ebden ní 2024, tó sì jẹ́ ẹni ọdún 43, Lẹ́fìtì pè mí lórí fóònù lówùúrọ̀: "O rí i? Àkókò ò tíì kọjá." Orúnkún mi ní ó ti kọjá.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó lọ, ó wá sí pápá, a bá méjì nínú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ gbá. Ọmọ ọdún 17 ni wọ́n, wọn ò bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan gbá bọ́ọ̀lù sí àárín wa. "Tèmi!" ni mo ké. "Tèmi!" ni òun náà ké. Àwa méjèèjì sì sá lọ. Rákẹ́ẹ̀tì mi sán láti orí dé ọrùn. Ó wà lórí tábìlì níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí, kò sí okùn tó lè tún un ṣe. Lẹ́fìtì ní òun ò san kọ́bọ̀, pé òun ló kọ́kọ́ pariwo. Irọ́ ni. Àwọn ọmọ yẹn gbọ́ wa.